Àwọn Tó Fẹ́ Gba Àmín Wọn Padà

Ojúlé Kẹsàn-án, Ìdí-Òrò,
Mushin, Èkó.
Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kẹrìnlá oṣù Kẹwàá, 2025.

Àǹtí Mobọ́lá mi ọ̀wọ́n,

Mo kí yín, mo sì kí ẹsẹ̀ yín tó kán lọ́tọ̀. Mo ní ìrètí pé ara ti ń mókun sí i ní Iléṣà níbẹ̀, pé egungun tí dókítà tò ti ń so pọ̀, àti pé Mọ́mì kì í fi tipátipá fún yín ní ọbẹ̀ ẹsẹ̀ màlúù ju ẹ̀ẹ̀mejì lọ lójúmọ́. Tiwa níbí kò burú. Gbogbo wa wà láàyè, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn kan ní àdúgbò ń wò wá bíi pé ó yẹ ká ṣàlàyé ìdí rẹ̀.

Ẹ ní kí n kọ ọ́ sínú ìwé, kí n má fi í sórí WhatsApp, nítorí pé ohunkóhun tó bá wọ gúrúùpù àwọn òṣèré wa lónìí, wọ́n á ti máa fi ṣe ẹ̀fẹ̀ ní Sábó lọ́la. Mo ti gbọ́ràn. Àǹtí Shakirat tó ń lọ kí ìyá rẹ̀ ní Iléṣà ló máa mú lẹ́tà yìí wá. Mo fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ ẹ́, mo tún fi sẹ́lótéèpù dì í. Tí ẹ bá rí i pé ó ti ṣí, ẹ má bínú sí gọ́ọ̀mù.

Iṣẹ́ tí ẹ rán mi ni pé kí n jókòó sáàárín àwọn òǹwòran ní Sátidé mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tí a fi eré olórin yín, Omi Ilé Wa, dán wọn wò ní gbọ̀ngàn ilé ìwé tó wà lẹ́yìn ilé wa, kí n kọ ohun tí wọ́n bá sọ sílẹ̀, kí ẹ lè mọ ibi tí ẹ máa tún ṣe. Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ pé fọ́ọ̀mù tí ẹ tẹ̀ fún wọn láti kọ èrò wọn sí kò ṣiṣẹ́. Ẹ fi àyè orúkọ sókè, ẹ fi àyè nọ́ńbà fóònù sísàlẹ̀. Ní Mushin, Àǹtí mi. Nínú ọgọ́rin fọ́ọ̀mù, mọ́kànlá ló padà wá. Níbi tí ẹ ti bèèrè pé kí ni wọ́n rí tó dùn mọ́ wọn, ẹni mẹ́fà kọ ‘Mi ò rí nǹkan kan.’ Ẹnì kan kọ pé òun ò sí níbẹ̀. Mo mọ ẹni náà. Ẹ̀gbẹ́ mi ló jókòó sí títí eré fi parí, bírò mi ló sì yá láti fi kọ ọ́.

Orin Ìyá Oníkọ́kọ́rọ́ ló dá wàhálà sílẹ̀, òun náà ni mo torí rẹ̀ kọ lẹ́tà yìí. Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ bí mo ṣe gbọ́ ọ láti ibi ìjókòó. Obìnrin tó ń pa kọ́kọ́rọ́ ẹ̀rọ omi ilé mọ́ jáde ní òwúrọ̀, ó ń fi orin gbàdúrà fún ilé, àwọn ayálégbé orí ìtàgé ń dáhùn Àmín. Ó bẹ̀rẹ̀ dáadáa: kí a jáde láyọ̀, kí a wọlé láyọ̀, kí àwọn ọmọ wa gbọ́n jù wá lọ. Lẹ́yìn náà ló yọ́ yà kúrò lọ́nà: kí ẹni tó bá bèèrè kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́ òun má rí oorun sùn, kí ilẹ̀kùn rere tì mọ́ gbogbo ẹni tó wà níwájú òun. Àwọn ayálégbé á ti dáhùn Àmín kí wọ́n tó mọ ohun tí wọ́n ṣe. Lórí ìwé, ẹ̀rín ni. Ohun tí ẹ gbàgbé ni pé àwọn èèyàn wa kì í jẹ́ kí àdúrà kọjá lára wọn láìdáhùn, ẹnu ẹni yòówù kó ti wá.

Bàlíkísù ló ṣe Ìyá Oníkọ́kọ́rọ́. Ọdún mẹ́sàn-án ló ti ń bá àwọn eléré kiri, tó ń gbé tíréè wọlé, tó ń sọ pé ‘Ẹ kú àbọ̀ sà,’ tó ń jáde. Orin yín ni orin àkọ́kọ́ tí ẹnikẹ́ni kọ fún un, ó sì kọ ọ́ bí ẹni tí wọ́n fẹ́ gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Ní Sátidé àkọ́kọ́ yẹn, gbogbo gbọ̀ngàn ló bá a dáhùn: àwọn bàbá, àwọn ọmọ, obìnrin tó ń fún ọmọ lọ́yàn. Nígbà tó dé orí ilẹ̀kùn rere, Àmín wọn tún nípọn ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, nítorí ara wọn ti gbóná. Kíbọ́ọ̀dù wá dákẹ́ lójijì bí ẹ ṣe kọ ọ́. Mo ń gbọ́ bí fáànù ṣe ń yí. Àwọn èèyàn ń wo ara wọn, wọ́n ń ṣírò ẹni tó wà níwájú ta ni.

Ẹ̀gbọ́n Síkírù, wẹ́ldà tó ń ṣe géètì ní ìyànà wa, ló kọ́kọ́ bá mi. Ìlà kejì ló jókòó sí. Ó ní, ‘Mùíz, èmi ni mo wà níwájú ẹ̀, àbí èmi kọ́?’ Mo ní eré ni. Ó ní, ‘Mo mọ̀ pé eré ni. Àmín tèmi kì í ṣe eré. Báwo ni mo ṣe máa gbà á padà?’ Mo sọ fún un pé a ò tíì ní ètò fún ìyẹn. Ó ní kí n kọ ọ́ sílẹ̀. Nígbà tí mo máa kọ ọ́ tán tí mo máa gbójú sókè, èèyàn mẹ́rìnlá ti tò sẹ́yìn rẹ̀.

Láàárín ọ̀sẹ̀ yẹn, kò sí nǹkan tó bàjẹ́ ní Ìdí-Òrò tí wọn ò so mọ́ wa lọ́rùn. Oníbàárà Ẹ̀gbọ́n Síkírù tó fẹ́ ṣe géètì ńlá lọ gbé iṣẹ́ náà fún ẹlòmíì ní Sùúrùlérè. Àmín ló fà á. Fíríìjì ìyá oníyọ̀gọ́ọ̀tì ò tutù mọ́. Ọmọ kan fìdí rẹmi nínú ìdánwò tí kò kàwé fún láti oṣù Kẹfà, ìyá rẹ̀ sì wá bèèrè ìlà tí ọmọ náà jókòó sí lọ́wọ́ mi. Bí mo bá ti fa ìwé mi yọ, wọ́n á dákẹ́. Ẹnì kan bi mí bóyá ìjọba ìbílẹ̀ ló rán mi. Ìyá àgbà kan ní rárá, òun mọ̀ mí láti kékeré, pólì ni mo lọ, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń kọ́ wọn. Kò sọ ohun tí wọ́n ń kọ́ wa.

Ní Sátidé kejì, gbọ̀ngàn kún ju ti àkọ́kọ́ lọ. Inú mi dùn fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Lẹ́yìn náà ni mo rí i pé wọn ò wá wòran, wọ́n wá ṣọ́ wa ni. Taoheed, olùdarí wa, jáde láti fi àdúrà ṣí ètò bó ṣe máa ń ṣe. Ó ní kí Ọlọ́run kó gbogbo wa délé láyọ̀ lẹ́yìn eré. Kò sẹ́ni tó dáhùn. Ọgọ́fà èèyàn ní Mushin, ẹnì kan gbàdúrà fún wọn, wọ́n kàn ń wò ó. Taoheed rò pé máìkì ni, ó gbé ohùn sókè, ó tún un gbà. Obìnrin kan sọ láti ẹ̀yìn pé, ‘Ẹ gbà á tán ná, ká gbọ́ ibi tó ń lọ.’

Wọn ò rẹ́rìn-ín pẹ̀lú, nítorí wọ́n ń fura sí àwàdà náà. Ibi tí ẹ ti jẹ́ kí bàbá onílé jókòó sínú korobá omi, tó fẹ́rẹ̀ẹ́ fi ẹ̀rín pa wọ́n lọ́sẹ̀ tó ṣáájú, Ẹ̀gbọ́n Síkírù káwọ́ gbera, ó ń wò ó. Nígbà tí Bàlíkísù parí orin rẹ̀, ohun kan ṣoṣo tí mo rí kọ sílẹ̀ ni ‘Ẹnì kan wúkọ́.’

Taoheed wá ní òun máa gé orin náà kúrò. Àǹtí Christianah, ẹni tó ń yan eré fún gbọ̀ngàn ìtàgé kan ní Yaba, ń bọ̀ ní Sátidé kẹta láti wá sọ bóyá àwọn máa gba Omi Ilé Wa fún oṣù Kejìlá. Bí àwọn èèyàn bá tún dákẹ́ báyẹn níwájú rẹ̀, ọdún mẹ́rin tí ẹ fi kọ eré yìí ti wọmi nìyẹn. Taoheed ní òun pè yín láti sọ ọ́ fún yín, nẹ́tíwọ̀kì ni kò dáa. Ẹ wo fóònù yín dáadáa. Bàlíkísù ò bá a jà. Ó ní, ‘Tí ẹ bá yọ ọ́, kí ni mo máa máa ṣe níbẹ̀?’ Taoheed ronú, ó ní ó lè máa gbé korobá wọlé. Bàlíkísù ní, ‘Tíréè tẹ́lẹ̀, korobá báyìí. Ẹ ṣé, sà.’ Ó mú báàgì rẹ̀, ó lọ. Ohùn pẹ̀lẹ́ tó fi sọ ọ́ ló jẹ́ kí n fura.

Ní Sátidé tó kọjá, Àǹtí Christianah jókòó sí ìlà iwájú, kò bá ẹnikẹ́ni rẹ́rìn-ín. Nígbà tó yẹ kí Bàlíkísù gbé korobá wọlé, ó gbé e wọlé, ṣùgbọ́n ó ti so kọ́kọ́rọ́ ẹ̀rọ omi mọ́ ọrùn. Ó gbé e kalẹ̀, ó dojú kọ gbọ̀ngàn, ó sì bẹ̀rẹ̀ orin rẹ̀ láìsí kíbọ́ọ̀dù. Mo ń rí Taoheed lẹ́gbẹ̀ẹ́ kọ́tìnì tó ń fọwọ́ pè é. Kò wo ibẹ̀.

Kí a jáde láyọ̀. Gbogbo wọn pa ẹnu mọ́. Kí àwọn ọmọ wa gbọ́n jù wá lọ. Wọ́n tún pa á mọ́ sí i. Nígbà tó dé orí kí ilẹ̀kùn rere tì mọ́ gbogbo ẹni tó wà níwájú òun, Ẹ̀gbọ́n Síkírù dìde. Ó ní, ‘Kò ní tì mọ́ wa.’ Kò pariwo. Ohùn tó máa ń fi kọ irin tí kò dáa ló fi sọ ọ́. Bàlíkísù wò ó lójú, ó tún ìlà náà kọ. Èèyàn bíi mẹ́wàá dáhùn pé kò ní tì mọ́ wọn. Ó tún un kọ, gbogbo ilé dìde. Ẹni tó ń tẹ kíbọ́ọ̀dù bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀lé àwọn òǹwòran. Obìnrin tó ní kí Taoheed gba àdúrà rẹ̀ tán ná ló ń lé e: ‘Tìẹ ni kó tì.’ Àwọn yòókù ń gbè é: ‘Kó tì gbọingbọin.’ Àǹtí mi, ohùn mẹ́ta ni wọ́n pín in sí, kò sì sẹ́ni tó kọ́ wọn. Bàlíkísù ń fà sẹ́yìn títí ẹ̀yìn rẹ̀ fi kan ògiri. Ó bọ́ kọ́kọ́rọ́ kúrò lọ́rùn, ó gbé e sílẹ̀.

Nínú ìwé yín, apá kejì ni àwọn ayálégbé tó gba kọ́kọ́rọ́ yẹn, lẹ́yìn ìpàdé mẹ́ta àti orin márùn-ún. Àwọn ará Ìdí-Òrò gbà á láàárín ìṣẹ́jú mẹ́rin. Àwọn òṣèré ṣe apá kejì náà, ṣùgbọ́n àwọn èèyàn ti ń wá ọmọ wọn kí wọ́n máa lọ.

Àǹtí Christianah bi mí pé ta ló kọ ìdáhùn tí àwọn òǹwòran kọ. Mo ní ẹ̀yin ni. Irọ́ ni, ṣùgbọ́n ó ti mú bírò dání, mi ò sì fẹ́ kó kọ orúkọ Taoheed. Ó ní àwọn máa gba eré náà, bí ìdáhùn yẹn bá wà níbẹ̀, tí obìnrin yẹn bá sì ń kọ orin náà. Obìnrin yẹn gan-an, kì í ṣe ẹlòmíì.

Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ há sí. Nígbà tí mo sáré lọ sẹ́yìn láti sọ ọ́ fún Bàlíkísù, ó jókòó sórí korobá, kò tíì nu àtíkè ojú rẹ̀. Kò dá mi lóhùn lórí oṣù Kejìlá. Ó ní, ‘Mùíz, ọgọ́fà èèyàn ló ní kó tì mọ́ mi. Ṣé Ìyá Oníkọ́kọ́rọ́ ni wọ́n ń bá wí, àbí èmi? Èmi ni mo dúró níbẹ̀.’ Mo fẹ́ rẹ́rìn-ín. Ó ní ọdún kárùn-ún rèé tí òun àti ọkọ òun ti ń wá ọmọ, òun ò ní máa gba irú ẹ̀ sára lójoojúmọ́ fún oṣù kan gbáko. Ẹ̀rín náà kúrò lẹ́nu mi. Kò sí ohun tí wọ́n kọ́ mi ní pólì tó bá ìyẹn mu. Mo jókòó sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

Nígbà tí a máa jáde, àwọn òṣèré yòókù ti ṣáájú, ẹsẹ̀ wọn sì yá ju bó ṣe máa ń yá lọ. Ẹ̀gbọ́n Síkírù àti bí ọgbọ̀n èèyàn dúró sí ẹnu géètì. Mo rò pé ìjà ni, mo ti ń wo ibi tí mo máa gbà. Ó ṣí fìlà, ó ní, ‘Àbúrò, ohun tá a sọ níbẹ̀ yẹn, ìyá yẹn la sọ ọ́ sí. Ìwọ, a ò mọ̀ ẹ́ sí èèyàn burúkú. Jẹ́ ká gbàdúrà fún ẹ, kí ọkàn tiwa náà lè balẹ̀.’ Bàlíkísù gbé báàgì rẹ̀ sílẹ̀. Ó ní, ‘Ẹ máa gbà á díẹ̀díẹ̀.’

Ẹ̀gbọ́n Síkírù ní ilẹ̀kùn rere á ṣí fún un. Bàlíkísù ò dáhùn. Ó ń tẹ́tí bóyá ó ku nǹkan. Nígbà tó dá a lójú pé gbólóhùn náà ti tán, ó ní ‘Àmín,’ àwọn ọgbọ̀n náà sì gbè é. Ó ní ilé rẹ̀ á gbọ́ ẹkún ọmọ. Bàlíkísù tún dúró. Mo rí ètè rẹ̀ tó ń mì, ó ń tún un sọ sínú. ‘Àmín.’ Báyìí ni wọ́n ṣe é lọ, gbólóhùn kan, ìdúró kan, títí oòrùn fi wọ̀. Mi ò rí àdúrà tí wọ́n yẹ̀ wò tó bẹ́ẹ̀ rí. Èmi náà bá wọn dáhùn, mo sì gbàgbé láti kọ èyí tó kẹ́yìn sílẹ̀.

Bàlíkísù ti wá ní òun máa kọrin ní oṣù Kejìlá, bí ẹ bá kọ irú àdúrà yẹn sí ìparí eré: kí òun tú gèlè Ìyá Oníkọ́kọ́rọ́, kí òun di Bàlíkísù lójú gbogbo èèyàn, kí wọ́n sì gbàdúrà fún òun kí ẹnikẹ́ni tó lọ sílé. Láìsí i, òun ò ní wá. Taoheed ní ìyẹn kì í ṣe eré mọ́. Ó ṣeé ṣe. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá yọ apá kejì, àyè á wà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dá mi lóhùn kí ọ̀sẹ̀ yìí tó parí, Àǹtí Christianah fẹ́ rí ìwé náà lọ́jọ́ Ajé. Mi ò lè fọwọ́ sọ̀yà pé àwọn ará Yaba á dáhùn. Ohun tí ẹ bá kọ, ẹ jẹ́ kí gbólóhùn rẹ̀ kúrú, kí èèyàn lè rí òpin rẹ̀ láti òkèèrè.

Kí ẹsẹ̀ yín san. Kí ẹ fi í rìn wọ Èkó kí oṣù Kejìlá tó dé. Kí ọwọ́ tí ẹ fi ń kọ̀wé má rẹ̀ yín. Ó parí síbẹ̀, mi ò fi nǹkan kan pamọ́ sẹ́yìn rẹ̀. Ẹ lè ṣe Àmín.

Èmi ni àbúrò yín tí ẹ fi ṣe etí,
Mùíz.

Àfikún: Ẹ̀gbọ́n Síkírù bèèrè bóyá orúkọ òun máa wà lára pósítà. Ó ní òun ti mọ ìlà òun sórí, òun ò sì ní gbà kí ará Yaba kankan dìde ṣáájú òun. Mo ní màá bi yín. Ó ní kí n kọ ọ́ níṣojú òun, ó sì ti dúró lé mi lórí láti ìgbà tí mo ti bẹ̀rẹ̀ àfikún yìí.