Bá Mi Tọ́ Ọ Wò Kí Àlejò Tó Dé

Àkọ́bí mi, o kú iṣẹ́ òru. Má tíì sùn.

Ìpápánu ọdún wà lórí àwo ńlá nínú fíríìjì. Mo fọ́ bisikíìtì, mo pò ó mọ́ kòkó, ṣúgà àti mílíìkì inú agolo, mo ṣù ú róbótó, n ò gbé e kaná. Ṣùgbọ́n o mọ̀ pé láti ìgbà àìsàn yẹn, ahọ́n mi ò mọ iyọ̀ yàtọ̀ sí ṣúgà mọ́.

Láàárọ̀ yìí mo fún bàbá rẹ ní ẹyọ kan. Ó jẹ ẹ́, ó wo ojú fèrèsé, ó ní, "Ó dùn, ìyá wọn." Ó wá mu omi ife méjì. Àbúrò rẹ náà ní ó dùn, àmọ́ mo rí tirẹ̀ nínú garawa ìdọ̀tí. Nígbà tí wọ́n jáde, mo jẹ mẹ́ta. Bí ẹni ń jẹ òwú ni.

Mo ti lọ sí ṣọ́ọ̀bù ìránṣọ. Jọ̀ọ́, tọ́ ọ wò. Bó bá jẹ́ iyọ̀ ni mo dà sí i, kó o dà á nù, kó o ṣe òmíràn. Bisikíìtì ṣẹ́kù nínú kọ́bọ́ọ̀dù. Aago mẹ́rin làwọn àlejò ń bọ̀.

Kọ òótọ́ sẹ́yìn ìwé yìí. Má ṣàánú mi bíi tiwọn. Ẹ̀rù ti ń bà mí láti se oúnjẹ fún yín.

Màmá rẹ