Arúgbó Ò Níí Jáde Nínú Ilé Yìí

Sí Proinsias ọmọ mi ní Boston,

Mo kí ọ, mo kí ìyàwó rẹ, mo kí àwọn ọmọ. Ṣé otútù ibẹ̀ ò mú yín ju bó ṣe yẹ lọ? Ara tèmi le koko, ìwọ̀nba eyín tó kù lẹ́nu mi ṣì ń jẹ ọ̀dùnkún. Nuala ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ ló ń bá mi kọ lẹ́tà yìí. Mo ní kó kọ ọ́ bí mo ṣe ń sọ ọ́, kó má bá mi fi ṣúgà sí i.

Inú ń bí mi, Proinsias. Jẹ́ n tètè sọ ọ́ kí ẹ̀rín tó gbà á lẹ́nu mi.

Látìgbà tí mo ti ń gbé lọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n rẹ, ilé bàbá rẹ ṣófo. O ní ká tún un ṣe kí àlejò lè máa wá sùn síbẹ̀. Ó dáa. Koríko orí ilé ti dúdú, okùn tó dè é mọ́ èkàn òkúta ti ń já, ìjì òkun sì ti ń wọlé. Condaí tó ń fi koríko bolé ti gun òkè, ó ń tú koríko àtijọ́, èmi ni mò ń gbé tíì lọ fún un. Kò sí ìjà nínú ìyẹn.

Ọjọ́ Ajé nìjà dé. Lorcan, ọmọkùnrin tí àwọn tó ń tọ́jú ilé àtijọ́ rán wá láti Dublin, dúró lẹ́bàá fèrèsé, ó ń sọ̀rọ̀ lórí fóònù. Mo gbọ́ tó ní, "Arúgbó yẹn ò wúlò mọ́. Ó kàn gba àyè nídìí ààrò. Ká yọ ọ́ kúrò kó tó di ọjọ́ Ẹtì, ká ṣe ilé ìgbọ̀nsẹ̀ síbẹ̀."

Ife tíì bọ́ lọ́wọ́ mi. Mo jáde sí i, mo ní, "Ọmọ dáadáa, ṣé èmi lò ń bá wí?"

Ojú ẹ̀ pọ́n dé etí. Ó ní, "Ẹ má bínú, Mama. Ibùsùn tí wọ́n kọ́ sínú ògiri nídìí ààrò ni mò ń wí. Condaí ló ní Arúgbó lẹ ń pè é."

Condaí fẹ́rẹ̀ẹ́ já bọ́ lórí àkàbà, ẹ̀rín ni. Èmi náà ìbá rẹ́rìn-ín, àfi bí Lorcan ṣe fi kún un pé, "Ọmọ yín ti fọwọ́ sí i."

Proinsias. Ìwọ.

Inú Arúgbó yẹn ni mo bí ọ sí. Ibẹ̀ ni ìyá bàbá rẹ kú sí, tó kọjú síná, tó ń fi wá ṣẹ̀fẹ̀ títí ẹ̀mí fi bọ́. Ẹni tó bá ti dàgbà, tí otútù ń pa, ibẹ̀ là ń tẹ́ ẹ sí kó lè máa gbọ́ ohun tí ilé ń sọ. Ìdí tó fi ń jẹ́ Arúgbó nìyẹn. Ṣé ibẹ̀ ni kí àlejò wá máa ṣídìí sí?

Mo gbé ìrọ̀rí, mo wọ inú ẹ̀, mo dùbúlẹ̀. Mo sọ fún Lorcan pé, "Orúkọ kan náà là ń jẹ́. Tó o bá máa yọ ọ̀kan, yọ méjèèjì." Condaí ní bàbá òun ò kọ́ òun láti tú koríko lórí ẹni tó ń sùn. Ló bá tú ti gbogbo ilé, ó fi èyí tó wà lókè orí mi sílẹ̀. Lorcan ní, "Mama, Proinsias ló ni ilé. Àfi kóun fúnra ẹ̀ kó ọ̀rọ̀ ẹ̀ jẹ."

Ó yá, kó o jẹ. N ò pè ọ́ lórí fóònù torí wàá dápàárá, màá rẹ́rìn-ín, ọ̀rọ̀ á tán síbẹ̀. Nuala á ya lẹ́tà yìí ní fọ́tò, á fi ránṣẹ́ sí ọ. Ilé màlúù wà lẹ́yìn, ó lógiri, ó nílẹ̀kùn. Kí wọ́n lọ ṣe ilé ìgbọ̀nsẹ̀ wọn síbẹ̀. Àwọn màlúù kúkú ti bẹ̀rẹ̀ ẹ̀ tipẹ́.

Kí Ọlọ́run ṣọ́ ọ. Kí o má fọwọ́ sí ohun tójú rẹ ò rí. Kó o pẹ́ láyé títí otútù á fi máa mú ìwọ náà, kí wọ́n sì ríbi tẹ́ ọ sí nídìí iná.

Èmi ni ìyá rẹ, tó ṣì dùbúlẹ̀ síbẹ̀,
Sorcha

Ọ̀rọ̀ tó kù: Òjò ti dé. Ìjì gbé tapólì tí Condaí fi borí ilé lọ, gbogbo ilé ló ń jò àfi ọ̀dọ̀ mi. Lorcan ti sá wọlé, ó bọ́ bàtà, ó ká jọ síbi ẹsẹ̀ mi, orúnkún ẹ̀ kan àgbọ̀n ẹ̀. Ó ní ibí mà móoru o. Ó ní kó o tètè pe òun.