Ẹ̀bẹ̀ Tí Àwọn Àgbà Ìlú Wa Bẹ̀ Lórí Jídé

Bàbá mi àtàtà,

Àlàáfíà ni Màámi wà. Mo kọ́kọ́ sọ èyí nítorí mo mọ̀ pé àwọn lẹ máa kọ́kọ́ bèèrè. Wọ́n ṣì ń ta abọ́ tánganran lọ́jà Ékìósà ní Bìní níbí, orúnkún nìkan ló ń yọ wọ́n lẹ́nu. Rédíò yín ṣì ń sọ̀rọ̀, kò sẹ́ni tó ń gbé e lé àyà sùn mọ́ ni.

Ìròyìn kejì ni pé mi ò lọ sí ìpàdé ẹgbẹ́ ìlú wa mọ́, mi ò sì ní lọ mọ́ láyé. Mo mọ̀ pé èyí á dùn yín. Nínú pálọ̀ wa níbí lẹ ti bá wọn dá a sílẹ̀, ẹ̀yin lẹ máa ń jẹ orógbó kẹ́ẹ tó jáde kí ohùn yín lè já gaara níbi ìpàdé. Àmọ́ ẹ gbọ́ ohun tí àwọn èèyàn yín fi ọmọ yín ṣe kẹ́ẹ tó bínú sí mi.

Lẹ́yìn tí a sin yín tán ni Jídé àbúrò mi ríṣẹ́ ní ilé ìlagi kan lápá Uselu. Òun ló ń ṣọ́ ilé tí wọ́n ń kó pákó gbígbẹ sí. Òun àti ọ̀gá rẹ̀ wá jà lórí ìsinmi tí ọ̀gá ò fẹ́ fún un, gbogbo òṣìṣẹ́ ló gbọ́ ariwo wọn. Kò pẹ́ sígbà náà ni iná sọ nínú ilé pákó náà lọ́jọ́ Àìkú kan. Ilé ni Jídé wà pẹ̀lú wa, ó ń lọ ṣẹ́ẹ̀tì. Ta ló fẹ́ gba ẹ̀rí ìyá àti ẹ̀gbọ́n gbọ́? Ọ̀gá ní Jídé ló dáná sun ilé náà, ọlọ́pàá sì wá gbé e. Bàbá, ẹni tó bá dáná sun ilé onílé lè lo ìyókù ayé rẹ̀ lẹ́wọ̀n. Ní ti ọ̀gá, ó ti kọ́ ilé pákó mìíràn tó tóbi ju ti àkọ́kọ́ lọ. Ilé ọba tó jó, ẹwà ló bù sí i.

Mo fẹ́ tètè wá lọ́yà tó mọ ẹjọ́ ọ̀daràn dunjú. Màámi fẹ́ ká kọ́kọ́ fi tó ẹgbẹ́ létí, nítorí bẹ́ẹ̀ lẹ̀yin ì bá ti ṣe. A lọ. Gbogbo wọn mi orí, wọ́n pòṣé, Bàbá Alága sì da òwe bolẹ̀ bí ìṣe rẹ̀: “Ọmọ ẹni kì í ṣèdí bẹ̀bẹ̀rẹ̀ ká fi ìlẹ̀kẹ̀ sí ìdí ọmọ ẹlòmíràn. Lọ́yà tiwa ń bẹ níbí.”

Ẹ mọ lọ́yà tiwa. Ẹ̀yin lẹ gbàdúrà fún un lọ́jọ́ tó dé láti Lọ́ńdọ̀nù. Ó ti ń gbé láàárín àwọn olówó ní Ugbor báyìí, nínú ilé alájà kan tí ajá rẹ̀ ń sùn lórí kápẹ́ẹ̀tì. Iṣẹ́ tó mọ̀ ọ́n ṣe ni kó kọ ìwé ilẹ̀, kó sì jókòó sí tábìlì àwọn ọlọ́lá níbi ìkówójọ. Láti ọjọ́ tó ti ra wíìgì, mi ò rò pé ó ti bá ọ̀daràn kan tàbí aláìṣẹ̀ kan dúró níwájú adájọ́ rí. Ọmọ ìlú wa ni ṣáà. Ìyẹn ló fi mọ òfin.

“Mama, ẹ fọkàn balẹ̀,” ló wí fún Màámi. “It's a small matter. A kì í ti kóòtù bọ̀ ṣọ̀rẹ́. A máa lọ bẹ ọ̀gá náà.”

Wọ́n sì lọ bẹ̀ ẹ́ lóòótọ́. Wọ́n wọ agbádá, wọ́n gbé ọtí àti obì dání, wọ́n kó ara wọn sínú mọ́tò lọ sílé ọ̀gá onípákó. Èmi náà tẹ̀ lé wọn, ojú mi ló ṣe. Bàbá Alága ṣí fìlà, gbogbo wọn sì na gbalaja sílẹ̀. Lọ́yà wa pàápàá dọ̀bálẹ̀, ó rọra ń gbé àyà sókè kí léèsì rẹ̀ má baà rún. Màámi kúnlẹ̀ sẹ́bàá ìlẹ̀kùn. Ọmọ Bìní ni ọ̀gá náà, kò gbọ́ Yorùbá, Bàbá Alága wá fi Píjìn ẹnu rẹ̀ bẹ̀ ẹ́: “Oga, abeg, forgive am. Na small pikin. Na devil work.”

Ẹ̀yin náà mọ̀ pé bí àwa ṣe ń bẹ̀bẹ̀ nìyẹn. A ń bẹ ẹni tí a ṣẹ̀, a ń bẹ ẹni tó ṣẹ̀ wá, a tún ń bẹ ẹni tó tẹ̀ wá lẹ́sẹ̀ pé kó jọ̀ọ́ kó gbẹ́sẹ̀ kúrò. Mo rántí ọjọ́ tí mọ́tò gbá yín lórí kẹ̀kẹ́ lójú títì. Ẹ̀jẹ̀ ń ṣàn lẹ́sẹ̀ yín, ẹ̀yin lẹ ń bẹ dírẹ́bà pé kó má bínú. Mo kéré nígbà náà, mo rò pé ìwà pẹ̀lẹ́ ni. Kí ló dé tí ẹ ò sọ fún wa pé àwọn kan wà láyé tí kò mọ ohun tí à ń ṣe?

Ọ̀gá onípákó gbọ́ ẹ̀bẹ̀. Ó ṣí ọtí, ó bù fún wọn, ó sìn wọ́n dé ẹnu géètì. Lẹ́yìn náà ló kọrí sí tẹ́ṣàn, ó sì sọ fún ọlọ́pàá pé àwọn ẹbí Jídé ti wá jẹ́wọ́. Ó ní ta ní ń tọrọ ìdáríjì ohun tí ọmọ rẹ̀ kò ṣe? Ọlọ́pàá tí kò ní ẹ̀rí kankan tẹ́lẹ̀ wá rí ẹ̀rí tó gbayì he lọ́fẹ̀ẹ́.

Nígbà tí ọ̀rọ̀ dà bẹ́ẹ̀, kí lẹ rò pé lọ́yà wa ṣe? Ó ní ẹjọ́ náà ti di “technical”. Kò lè jẹ́ lọ́yà Jídé mọ́, torí òun náà wà lára àwọn tó dọ̀bálẹ̀. Ó fẹsẹ̀ fẹ́ẹ, ó lọ bá wọn jẹ oyè nílé. Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́, wọ́n ní. Ó dára. Gbogbo wọn wà lọ́jà, àwọn gan-an ló wọ́ orí ọmọ.

Mo pa ìwà ọmọlúàbí tì, mo lọ wá lọ́yà fúnra mi. Ilé ìwé tí mo ti ń kọ́ni ti gba ọlidé, mo wá ń lọ jókòó ní kóòtù lójoojúmọ́ kí n lè rí àwọn lọ́yà bí wọ́n ṣe ń ṣiṣẹ́. Bàbá, ẹ ò rí nǹkan! Ọ̀kan ò mọ̀ ju kó máa tọrọ ọjọ́ mìíràn lọ. Ọ̀kan gbàgbé orúkọ oníbàárà rẹ̀, ẹni tó ń jẹ́ ẹjọ́ ló rán an létí láti inú àpótí. Òmíràn fi òyìnbó gbọ̀ọ̀rọ̀gbọọrọ kó oorun bá adájọ́. Mo ń wo gbogbo wọn pẹ̀lú aṣọ dúdú wọn, mo ń rò ó pé irú àwọn yìí ni àwọn ìyá ń ta yẹtí san fún.

Ọkùnrin kúkurú kan ló wá dìde lọ́jọ́ kan. Gáùn rẹ̀ ti ṣá. Ó bi ọlọ́pàá kan ní ìbéèrè mélòó kan tí kò gùn, ó dúró kí ọlọ́pàá fi ẹnu ara rẹ̀ ta kókó, ó sì jókòó. Mo tẹ̀ lé e dé ọ́fíìsì rẹ̀, lókè ṣọ́ọ̀bù àwọn mẹkáníìkì ní Uselu. Ó gbọ́ gbogbo ọ̀rọ̀ mi títí mo fi dé ibi ẹ̀bẹ̀. Ó wá bọ́ awò ojú rẹ̀.

“Una go beg? With una own mouth?”

Mo ní bẹ́ẹ̀ ni.

“Una Yoruba people! Person wey no do anything, una go lie down for ground for am.”

Inú bí mi. Ó gba iṣẹ́ náà. Ó là á yé mi pé ẹ̀bẹ̀ yẹn nìkan ni ìjọba ní lọ́wọ́, pé bí ọ̀kan nínú àwọn tó bẹ̀bẹ̀ bá lè dúró ní kóòtù, kó ṣàlàyé ohun tí ẹ̀bẹ̀ jẹ́ láàárín wa, ẹjọ́ náà á tú.

Ọ̀kan péré, Bàbá. Mo dé ilé gbogbo wọn. Ẹ̀jẹ̀ ríru Bàbá Alága dìde lójú ẹsẹ̀. Akọ̀wé ń bọ̀ wá gba iṣẹ́ àgbàṣe lọ́wọ́ ìjọba, kò fẹ́ kí orúkọ rẹ̀ wọ ìwé kóòtù. Akápò ní òun á máa fi àdúrà ràn wá lọ́wọ́. Àwọn tí wọ́n na gbalaja láìtijú lórí kápẹ́ẹ̀tì onílé ò lè nàró níwájú adájọ́. Mo rẹ́rìn-ín nígbà tí mo jáde nílé ẹni tó gbẹ̀yìn. Ẹ̀rín ìyà ni.

Màámi ló lọ. Ẹ̀rù bà mí fún wọn, ẹ mọ̀ pé wọn kì í sọ̀rọ̀ láwùjọ. Wọ́n wé gèlè aláwọ̀ ewé yẹn tí ẹ fẹ́ràn, wọ́n gun orí àpótí ẹlẹ́rìí, wọ́n di irin rẹ̀ mú. Lọ́yà ìjọba, ọmọ kékeré tó ń pọ́n ètè lá, bi wọ́n pé bí ọmọ wọn kò bá ṣe nǹkan kan, kí ló dé tí wọ́n kúnlẹ̀ fún ọ̀gá. Ògbufọ̀ túmọ̀ rẹ̀. Màámi kọjú sí lọ́yà náà.

“Orí ìkúnlẹ̀ ni mo wà lọ́jọ́ tí mo bí i,” ni wọ́n wí. “Ta ló ṣẹ̀ lọ́jọ́ náà?”

Ògbufọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í túmọ̀, ó dúró, ó tún bẹ̀rẹ̀. Adájọ́ gbé kálàmù sílẹ̀, ó sì tún gbé e. Mo sunkún níbẹ̀, mi ò lè parọ́ fún yín.

Nígbà tí ìdájọ́ dé, adájọ́ ní kò sí ẹ̀rí kankan tó so Jídé mọ́ iná náà, ó sì ní ẹ̀bẹ̀ ìyá kì í ṣe ìjẹ́wọ́ ọmọ. Wọ́n dá a sílẹ̀.

Lọ́jọ́ Àìkú tó tẹ̀ lé e ni wọ́n dé, gbogbo wọn pátá, tọ̀yàyàtọ̀yàyà. Bàbá Alága ti gbádùn. Lọ́yà ilẹ̀ náà ti ti ibi oyè dé. Àdúrà wọn ló gbà, wọ́n fẹ́ mọ ìgbà tí a máa ṣe ìdúpẹ́. Màámi ní kí n gbé àga wá fún wọn, mo sì gbé e.

Jídé jáde láti inú yàrá. Ó rí wọn, ó sì dọ̀bálẹ̀ gbalaja níwájú wọn, bí ẹ ṣe kọ́ ọ. Wọ́n ń bá ọ̀rọ̀ ìdúpẹ́ wọn lọ, ta ni yóò ra màlúù, pásítọ̀ wo ni yóò wàásù. Kò sẹ́ni tó sọ fún un pé kó dìde. Ọmọ ọdún mélòó ni Jídé? Ẹni tó ti jẹ́ ọkùnrin gidi kí wọ́n tó gbé e. Níbi tí wọ́n tì í mọ́, ẹnìkan kì í nàró láìjẹ́ pé wọ́n pàṣẹ. Ó fi àyà lélẹ̀, ó ń dúró kí wọ́n gbà á láàyè, wọ́n sì ń sọ̀rọ̀ lórí ẹ̀yìn rẹ̀.

Mo kọjá láàárín wọn láìkí ẹnikẹ́ni, mo bẹ̀rẹ̀, mo di apá rẹ̀ mú, mo gbé àbúrò mi dìde.

Èmi ni, ọmọ yín obìnrin tó fẹ́ràn yín dé ọ̀run, tí kò sì kúnlẹ̀ fún wọn.