Àga Kan Tí Wọ́n Fi Sílẹ̀ ní Bódìjà

Ọdún mẹ́ta rèé tí o lọ, Ọmọ́fẹ́. Ọdún mẹ́ta gbáko! Òjò rọ̀, òjò dá, ilé tí o fi sílẹ̀ ní Bódìjà ṣì dúró.

Ọmọ rẹ Ṣemílóore ti parí ní yunifásítì, ó ti ríṣẹ́ sí Onírèké. Túnráyọ̀ àbúrò rẹ ló ń ṣí ṣọ́ọ̀bù aṣọ rẹ ní Dùgbẹ̀. Kò jẹ́ kó kú. Ọkọ rẹ ti kun ògiri ẹ̀yìnkùlé tí o ń sọ lójoojúmọ́ lọ́dà. Àwọn ìròyìn tó rọrùn láti sọ nìyẹn. Èyí tó kù wúwo díẹ̀.

O rántí pé ọkọ rẹ kì í jókòó sí ìdàpọ̀ àwọn onígbàgbọ́ tí o máa ń gbà sí pálọ̀ ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ìṣẹ́gun. Yàrá ló máa ń wà pẹ̀lú Bíbélì tirẹ̀. A máa ní ẹni tó bá mọ̀wé kà kò nílò kí èèyàn mẹ́wàá bá òun kà á. Ìwọ kò bá a jà. Àga oníke méjìlá lo rà, o ní kí wọ́n fi ọ̀dà pupa kọ orúkọ rẹ sẹ́yìn wọn, o sì ń tò wọ́n yípo. Ẹ kì í ju mọ́kànlá lọ. Ìkejìlá, ẹ̀gbẹ́ ilẹ̀kùn yàrá lo máa ń gbé e sí, lófìfo.

Lẹ́yìn ìsìnkú rẹ, àwọn ará ń wá. Wọn kò sọ̀rọ̀ púpọ̀. Wọ́n kàn ń jókòó. Kò pé ọ̀sẹ̀ méjì tí ọkọ rẹ fi ní kí wọ́n kó àga, kí wọ́n lọ máa ṣe ìdàpọ̀ wọn níbòmíràn, òun fẹ́ dá wà. Gbádérọ̀ tó ń lẹ táyà ní Agbowó gbà wọ́n sílé rẹ̀. Mọ́kànlá ló kó. Ó gbé ìkejìlá sí fàráńdà.

“Tiyín nìyí, Bàbá,” ó wí. “Àga kò pọ̀ nílé mi. Bí ẹ bá ń bọ̀, ẹ gbé e dání.”

Ọdún kan àbọ̀ ni òjò àti oòrùn fi na àga náà. Ọkọ rẹ ń ka Bíbélì láràárọ̀. Ìwé Jobu ló ń kà jù. Ó kà á títí ó fi dá a lójú pé òun gan-an ni Jobu. Bó bá parí, á pa ìwé dé, àdúrà kò ní jáde. Ọmọ́fẹ́, kò jáde! Gbólóhùn kan ṣoṣo kò jáde! Ẹ̀rù bà á. Ó mọ̀ pé bó bá ń lọ bẹ́ẹ̀, ìgbàgbọ́ òun kò ní ju ìwé kíkà lásán lọ.

Ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan, ó gbé àga náà, ó wọ tákísì lọ sí Agbowó.

“Bàbá,” ni awakọ̀ wí, “ṣé ẹ rò pé mọ́tò mi ò ní ìjókòó ni?”

Ó gbé àga náà lé itan.

Láwùmí, nọ́ọ̀sì tí o fẹ́ràn nínú ìdàpọ̀ yẹn, ló kọ́kọ́ rí i. “Yéè! Bàbá Ṣemílóore! Bódìjà sí Agbowó níbí, ọdún kan àbọ̀ lẹ fi rìn ín?” Gbogbo wọn bú sẹ́rìn-ín. Ọkọ rẹ kò rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ó jókòó.

Nígbà tí wọ́n ń béèrè yípo pé báwo ni ìgbàgbọ́ ti rí lọ́sẹ̀ náà, tó kàn án, ó sọ òtítọ́: òun kò lè gbàdúrà mọ́, ọ̀rọ̀ òun ti di ti Jobu.

Gbádérọ̀ họ orí. “Ẹ dákun, Bàbá. Táyà ni mo mọ̀. Ṣùgbọ́n àwọn ọ̀rẹ́ Jobu, kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ àròyé, ṣebí ọjọ́ méje ni wọ́n kọ́kọ́ bá a jókòó sílẹ̀ láìsọ̀rọ̀? Jobu ò lé wọn. Àwa ńkọ́? Ẹ ò jẹ́ ká jókòó.”

Ọkọ rẹ ti ka ibẹ̀ tó ìgbà ogójì. Kò rí i rí!

Wọ́n gbàdúrà fún un lọ́jọ́ náà. Àmín nìkan ló ń ṣe. Ọ̀sẹ̀ kẹta ló tó rí gbólóhùn kan bá Ọlọ́run sọ. Nígbà tó yá, Láwùmí bá a wí lójú gbogbo wọn nítorí bó ṣe ń jágbe mọ́ Túnráyọ̀. Ó bínú, ó sì lọ tọrọ àforíjì. Bíbélì inú yàrá kò bá a wí bẹ́ẹ̀ rí. Àbí ó bá a wí, tí kò kàn sí ẹlẹ́rìí níbẹ̀.

Láti oṣù tó kọjá, ìdàpọ̀ ti padà sí pálọ̀ rẹ. Àga méjìlá tún ti pé. Ọkọ rẹ ló ń tò wọ́n báyìí, ibi tó ti ń tò wọ́n ló sì ti yé e, ìdí tí ọ̀kan fi máa ń wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn yàrá. Ọdún mélòó lo fi gbé e síbẹ̀ dè é, Ọmọ́fẹ́! Ọdún mélòó, láìsọ̀rọ̀!

Kò sọ èyí fún ọ nígbà tí o wà láyé. O mọ ìwà rẹ̀. Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun tó kọjá, nígbà tó kàn án, ó sọ ọ́ lójú gbogbo ará, ó sì ní kí a kọ ọ́ sínú ìwé ìrántí yìí: àárò rẹ ń sọ ọ́, ó sì fẹ́ràn rẹ.