Ọ̀gá Tó Pè Mí Ní Onímájèlé

Olóòtú wa, ẹ kú iṣẹ́ o. Láyé ìjọba Faransé, kúùkù òyìnbó kan ni mí ní Atakpamé. Inú run ún, ló bá ń sọ kiri pé mo fún òun ní májèlé jẹ. Mo pè é lẹ́jọ́ pé ó bà mí lórúkọ jẹ́. Bí ọ̀sán ṣe pọ́n níwájú kọmáńdà, òyìnbó tó ń dájọ́ wa, ọ̀gá mi ní, "Ta ni yóò wá se oúnjẹ mi báyìí tí kúùkù mi wà níbí?" Bí mo ṣe jàre nìyẹn!

Lónìí, ọmọ-ọmọ mi fẹ́ ṣí ilé oúnjẹ ní Agbonou, ẹbí ní kó má kọ orúkọ mi sára pátákó nítorí irọ́ yẹn. Mo ní yóò kọ ọ́! Ẹ̀yin olùgbọ́, ṣé mo jẹ̀bi?

Ẹ má dárúkọ mi lórí rédíò o. Ẹni tó bá fẹ́ mọ̀ ọ́n, kó wá kà á lára pátákó, kó sì jókòó jẹun.