Ọkọ̀ Tí Kò Kágò

Mùs'áb ọmọ mi,

Ẹ̀rù ń bà mí, n kò lè kí ọ tán kí n tó sọ ọ́. Ọ̀rọ̀ ọkọ̀ oníná mànàmáná tí iléeṣẹ́ yín ń ṣe ni.

Bá mi kí ìyàwó àti àwọn ọmọ. Ẹ̀jẹ̀ ríru bàbá yín ti wálẹ̀. Àdìrẹ ń tà díẹ̀díẹ̀.

Lọ́sàn-án Ọjọ́bọ̀, Abdulkabir ọ̀rẹ́ rẹ gbé ọ̀kan nínú ọkọ̀ náà wá fi hàn wá nílé ní Ṣàpọ́n. Ìyá àgbà jókòó lójúde. O mọ̀ pé wọn ò ríran mọ́, etí ni wọ́n fi ń mọ àlejò. Ọkọ̀ náà wọlé láìdún rárá, ó dúró sẹ́yìn wọn gan-an.

Wọ́n ní, "Ta ló dúró tì mí tí kò kágò? Ṣé ilé rere lo ti wá?"

Abdulkabir rẹ́rìn-ín. "Ẹ má bínú, Ìyá, mọ́tò ni."

Ó ti gbé e lọ. Àmọ́ láti ọjọ́ náà, Ìyá àgbà á kàn ṣàdédé yíjú sẹ́yìn, wọ́n á ní, "Àgò yà," nígbà tí ẹnikẹ́ni ò kágò.

O ní ọ̀gá yín tuntun fẹ́ pa ẹ̀ka ẹ́ńjìnnì tì, kí ìwọ máa darí ti oníná. Mi ò ní kí o kọ̀ ọ́. Kí o tó gbà, sọ fún wọn kí wọ́n fún ọkọ̀ náà lóhùn. Àwọn ọmọdé ń ṣeré lójúde wa.

Allah á ṣọ́ ọ. Abdulkabir ní òun ń gbé ọkọ̀ náà padà bọ̀ láìpẹ́. Jọ̀ọ́, tètè kọ̀wé kó tó dé, torí a ò ní gbọ́ ìró rẹ̀ bó bá ń bọ̀.

Ìyá rẹ, Bàṣírátù