Bírò Yẹ́lò fún Màámi

Màámi,

Ilé oúnjẹ tí ẹ ti ń ṣiṣẹ́ ni mo fi lẹ́tà yìí ránṣẹ́ sí, kó má baà kọ́kọ́ bọ́ sọ́wọ́ Royce ọkọ yín. Ẹ má bínú. Ara mi le, Àǹtí Darla ń tọ́jú mi, Ohio níbí ò sì tutù tó Nebraska lọ́dọ̀ yín.

Ní kíláàsì Mísísì Halvorsen, ìwé àtijọ́ ilẹ̀ Amẹ́ríkà là ń kà, a sì ń kọ́ bí àwọn tó kọ ọ́ ṣe ń fi ọ̀rọ̀ yí èèyàn lọ́kàn padà. Ká tó ka ohunkóhun, á béèrè pé, "Ta ló ń sọ̀rọ̀? Kí ló ń fẹ́ gbà lọ́wọ́ yín?"

Lọ́jọ́ Túsìdeè, ó ní kí kálukú mú lẹ́tà kan wá láti ilé. Mo mú tiyín, èyí tí ẹ ti ní kí n lọ sọ fún ọlọ́pàá pé irọ́ ni mo pa mọ́ Royce. Mo fi bébà bo orúkọ gbogbo wa.

Brynn tí a jọ ń jókòó kà á lẹ́ẹ̀mejì. Ó ní, "Ẹni tó kọ ọ́ ní ìyá lòun o, àmọ́ ohùn ọkùnrin ni mò ń gbọ́."

Mo rẹ́rìn-ín. Mo ní bẹ́ẹ̀ lẹ ṣe máa ń sọ̀rọ̀.

Bírò yẹ́lò tí a fi ń kun ìlà inú ìwé ni mo fi sínú àpò lẹ́tà yìí. Tí ẹ bá tún kọ̀wé, ẹ fi kun ibi tó bá jẹ́ ọ̀rọ̀ tiyín. Tí Royce bá bi yín, ẹ ní ẹ kàn fi ṣe é lẹ́ṣọ̀ọ́ ni.

Ẹ bá mi kí Glenda tó ń dáná níbẹ̀, kí ẹ sì bá mi kí ajá wa. Tó bá jẹ́ orúkọ mi nìkan lẹ rí kun, ó ti tó.

Maren, ọmọ yín